Kásẹ́ẹ̀tì Japan tó ṣẹ́ kù nínú àpótí Yéjídé

Bí ènìyàn bá sun ohun tó fẹ́ràn nítorí ẹ̀mí ìyàwó rẹ̀, tí ìyàwó náà sì kú, ta ló gba ẹbọ yẹn? Mo ti bá ìbéèrè yìí kúnlẹ̀ títí, n kò tíì rí èsì mú dìde.

Ògúnjìmí tó ń tún tẹlifíṣàn ṣe ní Okokomaiko kì í mutí. Fíìmù àwọn jàǹdùkú Japan àtijọ́ ni tirẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì tó máa ń bá ẹrù tòkunbọ̀ wọ ọjà Alaba. Bí àwọn oníbàárà yòókù bá rọ́ mọ́ firíìjì, òun a máa tú ìsàlẹ̀ páálí bí adìyẹ. Ohun tó fà á ni pé jàǹdùkú inú wọn kì í yẹ àdéhùn. Ẹni tó bá ṣẹ ọ̀gá rẹ̀ á gé ọmọ ìka ara rẹ̀, á fi aṣọ funfun wé e, á gbé e síwájú ọ̀gá.

"Ní Èkó yìí," Ògúnjìmí a ní, "ta ló lè fi èékánná lásán tọrọ àforíjì?"

Kò gbọ́ èdè wọn. Yéjídé ìyàwó rẹ̀ ló ń gbẹnu wọn sọ̀rọ̀, bó ti ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́: "Bàbá, ẹ foríjì mí, èmi kọ́ ni mo jẹ ẹran yẹn." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Nígbà tí ikùn Yéjídé bẹ̀rẹ̀ sí í wú láìjẹ́ oyún, wòlíì ìjọ wa ní Iba wá kí wọn. Ó rí àwòrán tí wọ́n fín sẹ́yìn jàǹdùkú kan lára páálí kásẹ́ẹ̀tì.

"Drágónì inú Ìfihàn rèé. Òun ló lúgọ síkùn Yéjídé. Ẹ sun gbogbo wọn."

Ògúnjìmí kó wọn wá sí àgbàlá ìjọ, ó sun wọ́n. A kọrin. Èéfín náà rùn mọ́ aṣọ funfun wa. Àwẹ̀ tí a gbà fún Yéjídé ò tíì parí tí a fi sin ín.

Wòlíì ní ó ní láti jẹ́ pé ó ku ọ̀kan. Ògúnjìmí búra pé kò kù.

Àfi ìgbà tó tú àpótí aṣọ olóògbé. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, èyí tó fẹ́ràn jù, tí Yéjídé fi ìró wé pamọ́ fún un.

Ó gbé e wá bá mi lánàá. Mo wá ẹsẹ Bíbélì kan, n kò rí i.

"Bàbá Kẹ́mi," ó ní, "mi ò ní kí ẹ gbàdúrà, ẹ ti gbà á tó. Ẹ kàn wá jókòó tì mí. Tí àwọn jàǹdùkú bá ti ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ṣáà máa bá mi gbẹnu wọn sọ nǹkan."