Ọ̀dà Pupa Lára Fáànù Ìsàlẹ̀

Bí kajú bá ti pọ́n lẹ́bàá ìlú Tchatchou ní ilẹ̀ Benin, tí èso rẹ̀ ń jábọ́, tó ń kan lábẹ́ igi, òórùn rẹ̀ ló máa ń gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ẹlòmíì á ní òórùn náà dùn. Èmi kì í lè mí kanlẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí bí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, òórùn dísẹ̀lì ló máa ń tẹ̀lé e wá sí mi nímú.

Ibùdó epo kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Epo ń gba inú páìpù gígùn láti inú àwọn táńkì òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń gbà á. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Tonton, ló kọ́ mi ní ìtọ́jú fáànù, ìyẹn àwọn ìlẹ̀kùn irin tó ń dá epo dúró nínú páìpù. Ó ní ọmọ ìyá mẹ́ta ni wọ́n, ìwà wọn ni kò jọra. Ọ̀kan ní apá. O fà á lẹ́ẹ̀kan, epo dá. Èkejì, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Epo tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá kò lè padà sẹ́yìn mọ́. Ẹ̀kẹta ni oníkẹ̀kẹ́, tí kẹ̀kẹ́ irin wà lórí rẹ̀ bíi ti ìdarí ọkọ̀, tí èèyàn máa yí títí kí irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ dí ọ̀nà. “Oníkẹ̀kẹ́ yìí ló lè bínú jù,” ni Tonton máa ń wí. “Fi gíríìsì pa ọ̀pá tó so kẹ̀kẹ́ náà mọ́ irin inú rẹ̀, kí o sì máa yí i lóṣooṣù, bí kò tilẹ̀ sí iṣẹ́ fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní dá ẹ lóhùn lọ́jọ́ tí o bá pè é.”

Oníkẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ wà níkàáwọ́ mi, nítorí orúnkún Tonton kò fẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mọ́. Oko kajú rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ọgbà níbẹ̀ gan-an. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbìn ín nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì kéré; òun ló fẹ́ máa jẹ bó bá fẹ̀yìn tì, kò sì ní òmíràn.

Nínú ọyẹ́ ọdún kan, wọ́n ní àwọn ọ̀gá ń bọ̀ láti Kútọnu. Ìwọ náà mọ̀ wá, bí àlejò bá ń bọ̀, a ó gbálẹ̀, a ó kun ògiri. Tonton ní ká kun àwọn fáànù, ó sì pè mí. “Ìyá Ìbejì, ara oníkẹ̀kẹ́ yẹn nìkan ni kí o kùn o. Ọ̀pá yẹn, fi àkísà dì í. Ọ̀dà ò gbọdọ̀ kàn án, quoi.” Mo ní mo ti gbọ́. Àmọ́ nígbà tí mo débẹ̀, erùpẹ̀ ọyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ gíríìsì ara ọ̀pá náà, ó dúdú, ó ń tini lójú. Mo nù ún mọ́ tónítóní, mo sì kun òun náà ní pupa. Àwọn ọ̀gá yìn mí. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀, orí mi sì wú, kí n má parọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Tonton bi mí pé, “O dì í?”

“Mo dì í, Tonton.”

Nígbà tí oṣù yí po, mo fẹ́ yí kẹ̀kẹ́ náà, kò mira, ọ̀dà ti gbẹ mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Mo mọ ohun tó kàn: kí n ha ọ̀dà yẹn kúrò, kí n fi gíríìsì rin ọ̀pá náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Tonton ni irin tí a fi ń ha nǹkan wà, bí mo bá sì tọrọ rẹ̀, yóò bèèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ń sọ pé ó di ọ̀la, ó di ọ̀la. Bó bá bi mí bóyá fáànù ìsàlẹ̀ ń yí, mo máa ń ní, “Ó ń yí.”

Kajú pọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìsopọ̀ páìpù kan ya nísàlẹ̀ fáànù mi. A sáré ti tòkè, ṣùgbọ́n epo tó ti wà nínú páìpù kò dúró, oníkẹ̀kẹ́ yẹn nìkan ló lè dá a dúró. Tonton sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ náà. Àwa méjèèjì di kẹ̀kẹ́ mú, a fà á, a tún ki irin bọ inú rẹ̀ láti fi yí i. Kò yí. Dísẹ̀lì gba abẹ́ ọgbà wọnú oko rẹ̀, ó ń ṣàn lórí àwọn èso tó ti jábọ́. Tonton fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀, ó fọwọ́ ra ọ̀pá rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi àkísà nù ún, ó ti àkísà náà bọ àpò.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá dé, tí wọ́n bèèrè ẹni tó ń tọ́jú fáànù yẹn, ó ní, “Èmi ni olórí ibí. Fáànù náà ti gbó, n kò tètè sọ.” Mo dúró níbẹ̀. Mo rántí àwọn ìbejì mi, mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn igi rẹ̀ wọ́wé, wọ́n sì gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ tó ń kó lọ sílé ọmọ rẹ̀ ní Ṣábẹ̀, ó fi agolo gíríìsì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó fi àkísà wé e. “Máa yí i, Ìyá Ìbejì.” Ìgbà tí mo tú àkísà náà ni mo rí èérún ọ̀dà pupa tó nù kúrò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ti mọ̀.

Odindi ọdún kan ni mo fi ń múra àtilọ bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé Ṣábẹ̀, ìyàwó rẹ̀ bu omi fún mi mu, ó ní ó ti tó oṣù méjì tí wọ́n ti sin ín. Ó ní Tonton kì í dákẹ́ lórí bí mo ṣe mọṣẹ́ tó. Mo gbé omi náà kalẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì bá ọ̀nà mi padà láì sọ nǹkan tó gbé mi wá.

Láti kékeré la ti ń ṣe àmín sí àdúrà pé kí Ọlọ́run bò wá láṣìírí. Èmi kò mọ̀ pé ẹlòmíì lè fi gbogbo ohun tó ní bo tèmi. Ọ̀pá fáànù ìsàlẹ̀ ti dúdú fún gíríìsì báyìí, erùpẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Àlejò ì báà wá, n kì í fi ọ̀dà kàn án. Lóṣooṣù ni mo ń yí i dópin, tí mo tún ń yí i padà. Ó ń yí. Kò sì sí ẹni tó kù tó máa bi mí.