Sahrawi àti Iyùn Tó Ń Funfun

Sahrawi ni ọkọ àbúrò mi obìnrin. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Kò kàwé kọjá kíláàsì kẹta, èmi náà kò kọjá kẹrin, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí ọ̀rọ̀ dídùn níbí. Bàbá rẹ̀ fi oko iyọ̀ sílẹ̀ fún un lẹ́yìn ìlú Sumenep, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bí ẹní. Ó lé ní ogójì ọdún tó ti ń da omi òkun sínú pápá, tí oòrùn ń gbẹ ẹ́, tí òun ń ha iyọ̀ rẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti sán. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ní òun á ṣe nǹkan, ẹ lọ fọkàn balẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí Durahem aládùúgbò wa àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà.

Durahem ní àpótí gíláàsì kan ní pálọ̀ rẹ̀. Omi òkun ló wà nínú rẹ̀, iyùn ló wà nínú omi náà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi sọ́rùn o. Èyí tó wà láàyè ni, tó ń lanu, tó ń jẹun. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní erékùṣù ìlà-oòrùn ló ń so ó mọ́ okùn lábẹ́ omi títí á fi dàgbà, wọ́n fún un ní mẹ́wàá. Ọ̀kan pupa bí ata, òmíràn tutù bí ewé tuntun.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń lọ sí Mẹ́kà á tọrọ àforíjì láti ilé dé ilé, á sì fi ohun tó fẹ́ràn jù sí ìkáwọ́ ẹni tó fọkàn tán. Màlúù ló sábà máa ń jẹ́. Durahem ní ti òun, iyùn ni. Ó fi lé Sahrawi lọ́wọ́ lójú gbogbo wa. Ó ní bí omi bá ti ń lọ sílẹ̀, kó máa fi omi kànga kún un dé ojú àmì. Sahrawi ní òun gbọ́.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a ṣe jáde ló sọ fún mi pé, “Omi kànga kẹ̀. Ọ̀lẹ ni Durahem. Torí kó má baà gun kẹ̀kẹ́ dé etí òkun, ó ń fún ọmọ òkun ní omi kànga mu.”

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ. Kìlómítà mẹ́ta ni. Kò jẹ́ bu omi inú kòtò oko iyọ̀ tí àwa méjèèjì jọ ń ṣe, ó ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Á wọ inú òkun títí dé àyà kó tó bu ú, kó lè mọ́. Kẹ́ẹ̀gì kékeré kan. Á gbé e délé, á dà á sí i dé ojú àmì. Inú rẹ̀ ń dùn sí iṣẹ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, iyùn pupa ṣá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó funfun. Àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e. Ìyá Misriyah, ìyá Durahem, tó kù sílé nìkan, ló kọ́kọ́ rí i. Ìyá náà á ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó ránṣẹ́ pè wá, ó nawọ́ sí i, ó bi Sahrawi kí ló ṣe é. Sahrawi ní òun kò mọ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni fóònù Durahem kò wọlé mọ́. Ọ̀sẹ̀ Árafà ni, èrò pọ̀ níbẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Ìyá. Iyùn ló ń wò. Aṣọ funfun ni ọmọ rẹ̀ ń wọ̀ níbi tó wà, aṣọ funfun náà la fi ń sin òkú. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kò jẹun mọ́, àfi kọfí. Ó ní tí nǹkan wọ̀nyí bá kú tán, ọmọ òun ti kú sọ́hùn-ún nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún òun.

Sahrawi kò mọ ibi tó máa gbà. Ó ní iná orí àpótí ló le jù, ó fi aṣọ tó ró mọ́dìí bo ìdajì rẹ̀. Iyùn funfun sí i. Ó ní ẹja kékeré inú rẹ̀ ló ń bu ú jẹ. Ó jókòó tì í láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹja náà kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní bóyá èéfín ẹja gbígbẹ tí Ìyá ń dín ni.

Ìyá ní, “Ta ló ń dín ẹja? Ta lo rí tó ń jẹun nínú ilé yìí?”

Sahrawi tọ́ omi náà wò. Ó ní bí òkun ló ṣe rí. Èmi náà tọ́ ọ wò, bí òkun ló rí lẹ́nu mi. Bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ti pa ahọ́n àwa méjèèjì láti ìgbà èwe. Àbúrò mi ní kó ṣe bí Durahem ṣe wí. Sahrawi ní ṣé ẹni tó ń ṣàìsàn ni kí òun tún fún ní májèlé. Ó wá ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, omi tó mọ́ ju ti àná lọ ló ń wá. Bó ṣe ń sapá tó ni iyùn ń funfun tó. Ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ ọn lójú. Mo gbọ́ tó ń dá sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti fẹ́ máa da omi sí i nígbà tí mo rí nǹkan funfun létí gíláàsì. Mo rò pé ẹfun ògiri ni. Mo fi èékánná ha á, mo fi kan ahọ́n. Iyọ̀ ni. Mo nà án sí Sahrawi, òun náà tọ́ ọ wò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó dìde, ó lọ mú igo tín-ín-rín tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi lóko wa, ó jù ú sínú àpótí. Igo náà léfòó ju bó ṣe ń léfòó nínú òkun lọ.

“Oòrùn ń gbé omi lọ,” ó ní. “Kì í gbé iyọ̀.”

Ohun tó ti ń kọ́ àwọn alágbàṣe rẹ̀ láti ogójì ọdún nìyẹn. Oòrùn kò sí ní pálọ̀ Durahem. Iná àti fáànù ló wà níbẹ̀. Kò sí èyí tó rò nínú àwa méjèèjì pé pálọ̀ lè di oko iyọ̀.

Ó pọn omi kànga wá. Ìyá Misriyah dúró síwájú àpótí, ó na apá méjèèjì. Ó ní ṣé ó fẹ́ pa á tán ni.

“Ìyá, èmi ni mo ń pa á,” Sahrawi ní. “Omi òkun ni mo fi ń pa á. Ọmọ yín sọ fún mi, mo lérò pé mo gbọ́n jù ú.”

Ìyá wò ó títí. Ó yà fún un. Sahrawi bu abọ́ omi kan kúrò, ó da abọ́ omi kànga kan sí i. Ìrọ̀lẹ́, abọ́ kan. Ó ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, torí ó ń bẹ̀rù pé ìwòsàn náà tún lè pa á.

Ní ọjọ́ kẹrin, fóònù dún. Durahem ni, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ìyá jẹ ìrẹsì àti àgbàdo lọ́jọ́ náà, kò jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí wọ́n dé, iyùn mẹ́fà ti kú, ewédò ti bò wọ́n. Mẹ́rin padà ní àwọ̀, àwọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí Sahrawi tó kí Durahem káàbọ̀ ló ti jẹ́wọ́. Durahem kò bínú. Ó bèèrè ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ìyá rẹ̀ sọ ọjọ́ náà fún un.

Durahem ní ọjọ́ yẹn ni ooru gbé òun ṣubú ní Mínà lẹ́bàá Mẹ́kà, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fa omi sí òun lára, òun sì kìlọ̀ fún ìyàwó òun pé kò gbọ́dọ̀ sọ nílé, kó pa fóònù títí òun á fi lè sọ̀rọ̀.

Sahrawi nawọ́ sí àpótí náà.

“Iyọ̀ ni, Durahem,” Sahrawi ní.

Ìyá Misriyah ní, “Ta ló sọ pé kì í ṣe iyọ̀?”

Mo ti ro ó títí. Mo mọ iyọ̀, èyí tó kù ni n kò mọ̀. Iyùn méjì wà lórí òkúta kan náà, nínú omi kan náà, ọ̀kan kú, ọ̀kan yè. Mo bi Sahrawi, ó ní òun náà kò mọ̀. Durahem ti abọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó dé, ó ní kò tíì parí iṣẹ́ tí òun gbé fún un. Sahrawi ṣì ń lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Omi kànga ló ń dà sí i. Tó bá dà á tán, á dúró ti gíláàsì, á máa wo èyí tó yè.