Ìgò Tí Mo Gbé Lọ sí Ìrólú, Tí Mo Tún Gbé Bọ̀

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí Ṣadé, àbúrò mi obìnrin, gbé ìgò ọtí líle lé mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Òṣogbo. Ó ti fi ọ̀rá dúdú wé e, ó tún fi òmíràn wé e, ó wá ta á ní kókó. Mo wo kókó yẹn dáadáa. Irú èyí tí wọ́n ń ta mọ́ ewúrẹ́ lọ́rùn ni. Ṣadé ní nítorí kó má baà jò ni. Ìgò tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí, báwo ló ṣe fẹ́ jò? Òun náà mọ̀, èmi náà mọ̀, mo kàn gba ìgò náà.

Kí n tó máa bá ọ̀nà lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi jáde. Màmá wa kú, òkú rẹ̀ ṣì wà ní mọ́ṣúárì. Ọmọ Ìrólú ni, nílẹ̀ Rẹ́mọ, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré: a ò gbọ́dọ̀ dá ọjọ́ ìsìnkú ọmọ wọn àfi bí àkọ́bí rẹ̀ bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé obì àti ọtí wá túfọ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá gba ọtí náà, ó parí. Bí wọn ò bá gbà á, òkú á máa wà níbi tó wà. Èmi ni àkọ́bí. Èmi náà sì ni ọ̀mùtí ilé wa, tí mo jáwọ́ láti bí ọdún méjì báyìí. Bàbá wa kékeré ló yẹ kó bá mi lọ, ṣùgbọ́n eékún ò jẹ́ kó lè jókòó pẹ́ nínú mọ́tò. Bó ṣe di pé èmi nìkan ni wọ́n rán pẹ̀lú ọtí nìyẹn. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mo ní àfi kó jẹ́ pé wọ́n ń dán mi wò.

Mo ti ìgò náà bọ àárín aṣọ nínú báàgì mi, mo gbé báàgì sórí itan, mo sì di okùn rẹ̀ mú títí a fi dé Ìbàdàn. Ẹni tó ti jáwọ́ nínú ọtí mọ gáréèjì lọ́nà tó yàtọ̀. Ẹ̀yin á rí búrẹ́dì àti omi tútù. Èmi rí obìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn àwọn táyà, tó to ìgò kéékèèké sínú ike, tí ọtí, egbò àti èèpo igi wà nínú wọn, tó ń pè é ní oògùn jẹ̀dí. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Kí ló rí lójú mi tó fi rẹ́rìn-ín? Mo wọ bọ́ọ̀sì Ṣàgámù, mo sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Ọ̀nà náà fẹ̀, ó dára ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n àwọn tírélà tò sí ẹ̀bá rẹ̀ débi pé dírẹ́bà ń yà wọ́n bí ẹni ń jó. Nígbà tí a sọ̀ ní Ṣàgámù, òórùn obì ló kọ́kọ́ kí mi. Ní Òṣogbo, èèyàn á ra obì mẹ́ta mẹ́rin, á dì í sétí aṣọ. Níbí, apẹ̀rẹ̀ ńláńlá ni wọ́n ń to sọ́kọ̀, tí wọ́n fi ewé tútù bò kó má baà gbẹ. Mo lọ bá Alhaja kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mákun, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ tó para pọ̀ di Ṣàgámù, mo ní kó bá mi wá obì àbàtà tó dára. Mo gbé wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń wá ihò kòkòrò.

Alhaja káwọ́ gbera, ó ní, "Bùọ̀dá, obì lẹ ń rà àbí olè lẹ ń wá?"

Mo ní kó má bínú. Ó kó wọn sínú ewé fún mi, ó ní òun náà ń gbé ẹrù lọ sí Ìbàdàn lọ́sàn-án yẹn, bí mo bá rí kòkòrò kan níbẹ̀, kí n wá bá òun ní gáréèjì.

Mọ́tò gbé mi dé Ìkẹ́nnẹ́, láti ibẹ̀, ọ̀kadà ló gbé mi. Ẹgbẹ̀rún méjì ló kọ́kọ́ pè é, mo san ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Nígbà tí a ń kọjá ní Ìlíṣàn, ọlọ́kadà nawọ́ sí ọ̀nà yunifásítì, ó ní àwọn ìjọ tó ń pa ọjọ́ Sátidé mọ́ ló ni ín, wọn kì í mutí, wọn kì í jẹ obì. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ti àwọn aláìsàn.

Mo bi í pé, "Ara wọn wá le?"

"Ó le o! Wọ́n tiẹ̀ ń sanra."

Inú mi dùn sí èyí díẹ̀.

Ilé àwọn Màmá wà lẹ́yìn ọjà Ìrólú. Àbúrò Màmá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìrólú láti kékeré, ti wà lórí àga ní pálọ̀, àwọn àgbà ilé mẹ́ta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá Kékeré, àbúrò Màmá tó kẹ́yìn, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ní, "Wọ ulé, ọmọ mi." Bí wọ́n ṣe ń pe ilé nílẹ̀ Rẹ́mọ nìyẹn. Mo ti gbàgbé bí ohùn Màmá mi ṣe máa ń rí bó bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé ife omi fún mi. Mo gbóòórùn rẹ̀ kí n tó gbé e sẹ́nu.

Bàbá Ìrólú rí mi. Ó ní, "Omi ni."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo túfọ̀, mo gbé obì sílẹ̀, mo fi eyín tú kókó Ṣadé. Bàbá Ìrólú ṣí ìgò náà, ó da díẹ̀ sínú ife kékeré. Ní ọ̀dọ̀ wa, àgbà tó gba ọtí ló ń ta á sílẹ̀, tó sì ń kọ́kọ́ mu ún. Mo ń dúró kó ṣe bẹ́ẹ̀. Dípò kó ṣe bẹ́ẹ̀, ó na ife náà sí mi. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ní Ìrólú, ẹni tó gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo ilé, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò fi nǹkan kan sí i.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò mutí mọ́."

Àwọn àgbà mẹ́ta náà yíjú sí mi.

"Ìwọ?" ni Bàbá Ìrólú wí. "Ìwọ tí o mu ẹmu àlejò tán nígbà tí a sin bàbá wa? Tí a fi ọmọláńkẹ́ tì ọ́ dé gáréèjì?"

"Mo ti jáwọ́, sà."

Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ọ̀mùtí gbé ọtí wá, ó ní òun ò ní mu níbẹ̀. Ẹ̀yin, kí ló wà nínú ọtí náà?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn lédè tó yé mi. Rẹ́mọ pọ́ńbélé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ láàárín ara wọn, mo ń gbọ́ "ọtí", mo ń gbọ́ "májèlé". Gbogbo ọ̀nà láti Òṣogbo ni mo fi ń fura sí èèyàn. Èmi ni wọ́n wá ń fura sí yìí, mi ò sì rí ohun tí mo lè fi dá wọn lẹ́bi.

Òórùn rẹ̀ ti dé ibi tí mo wà. Mi ò ní parọ́ fún yín, ẹnu mi kún fún itọ́. Ohun kan sọ sí mi lọ́kàn pé ẹ̀kán kan ṣoṣo ni, pé Màmá mi ni mo máa mu ún fún, kí wọ́n lè sin ín, ta ló máa dá mi lẹ́bi? Ẹ wo àwáwí tó dára! Ní gbogbo ọdún tí mo fi mutí, mi ò ní àwáwí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Bó ṣe dára tó yẹn ló jẹ́ kí n fura sí i.

Mo tún dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bí mo bá tọ́ ọ wò, mi ò ní dúró mọ́. Mo mọ ara mi. Màmá rí mi láìmutí kó tó kú, ẹ má jẹ́ kí n fi èyí sin ín."

Màmá Kékeré dìde, ó gba ife náà lọ́wọ́ Bàbá Ìrólú. "Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún mi lórí fóònù pé ó ti jáwọ́, mi ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bó ṣe dọ̀bálẹ̀ nítorí ẹ̀kán ọtí kan. Bó bá jẹ́ májèlé, ẹ sin mí mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ìnáwó á di ẹ̀ẹ̀kan." Ó dà á sọ́nà ọ̀fun, ó húkọ́, ó fi ìborùn nu ẹnu. Gbogbo wa ń wò ó. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó kàn ń ta ni."

Bàbá Ìrólú ṣì dúró díẹ̀ kó rí i pé kò ṣubú, kó tó bu tirẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Wọ́n fọwọ́ sí ọjọ́ ìsìnkú, kò sì sẹ́ni tó tún pè mí ní ọ̀mùtí. Màmá Kékeré gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, ewùrà tí wọ́n rin, tí wọ́n fi epo, ata àti ẹja gbígbẹ sè, pẹ̀lú ẹ̀bà tútù. Màmá wa máa ń sè é ní Òṣogbo, àwọn aládùúgbò á máa bi wá pé irú àsáró wo nìyẹn. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sè é nílé wa mọ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún bu.

Mo rò pé wàhálà mi ti tán. Bí mo ṣe dìde ni Bàbá Ìrólú dé ìgò náà, tí ó kù díẹ̀ kó dé àbọ̀, ó fi bírò fa ìlà sí ara ìwé rẹ̀ níbi tí ọtí dúró sí, ó gbé e fún mi. Àṣà wọn ni pé èyí tó kù gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn tó rán mi, kí wọ́n mọ̀ pé ilé ìyá ti gbà á. Mo bi í pé ṣé mo lè dà á nù lọ́nà. Ó ní bí mo bá dà á nù, àwọn ò gbà á nìyẹn.

Ní gáréèjì Ṣàgámù, mo pe Ọ̀gá Gàníyù lórí fóònù. Òun ló ṣáájú nínú àwa tí a ti jáwọ́ nínú ọtí, tí a ń pàdé ní Ọjọ́bọ̀ ní kíláàsì kan. Mo ní ìgò tó ti ṣí wà nínú báàgì mi, ọ̀nà sì jìn.

Ó ní, "Gbé e síta. Bó bá wà nínú báàgì, ìwọ nìkan lo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Mo gbé e síta. Mo ní kí dírẹ́bà bá mi fi síwájú.

"Ìgò ọtí níwájú dírẹ́bà? Bùọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ kí ọlọ́pàá kó mi ni?"

Alhaja olóbì ti jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ní kó bá mi dì í mú dé Ìbàdàn. Ó fa aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Asitagafurulaahi! Ẹ má jẹ́ kó kan obì mi. Obì yẹn ńkọ́, ẹ rí kòkòrò níbẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó máa bá mi gbé e. Mo gbé e sórí itan ní gbangba, láti Ṣàgámù dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé Òṣogbo, gbogbo ọkọ̀ sì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Ìlà bírò yẹn ò ràn mí lọ́wọ́. Ọ̀mùtí wo ni kò mọ bí a ṣe ń fi omi dí i? Ojú wọn ló ràn mí lọ́wọ́.

Lójú ọ̀nà, mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún Ṣadé lórí kókó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó, ọ̀rọ̀ Ìrólú ń wá sí mi lọ́kàn. Àárín pálọ̀ ni wọ́n ti fura sí mi, wọ́n bi mí léèrè, ó tán, wọ́n sì fún mi lóúnjẹ. Ní ilé tiwa, inú ọ̀rá méjì ni a ń wé ìfura sí.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo dé. Mo ní, "Wọ́n gbà á." Ṣadé gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó wo ìlà náà, ó gbé e sókè sí iná. Ó ti rí mi rí níbi tí mo ti ń da omi sí ìgò. Mo rí ohun tó fẹ́ sọ, mo sì rí i pé kò lè sọ ọ́.

Mo ní, "Bi mí."

Ó wolẹ̀. "Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ lanu."

Mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ nítorí mo ga jù ú lọ, mo lanu. Ó sún mọ́ mi, ó gbóòórùn ẹnu mi dáadáa. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìkọ́kọrẹ́," ó ní. "Ti Màmá."

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó di èjìká mi mú, ó ní kí n tún lanu.