Epo Tí N Kò Lè Fi Sílẹ̀

Òórùn bẹntiróòlù ni mo fi ń rántí ayé ìgbà náà. Kì í ṣe èyí tó máa ń fẹ́ lu èèyàn ní ilé epo tó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ti inú ẹnu ni mò ń wí, èyí tó máa ń jókòó sórí ahọ́n títí dalẹ́, tí yóò bá ẹ̀bà wọ ọ̀fun. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà nígbà náà láti gáréèjì Òrè lọ sí Èkó, àwa méjì la sì ń wa bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo: bí èmi bá lò ó fún ọjọ́ méjì, ẹnì kejì mi a gbà á fún ọjọ́ méjì. Láàárín àwa awakọ̀, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí gbogbo wa sì mọ̀ ju Àdúrà Olúwa lọ: o kò gbọdọ̀ fi epo sílẹ̀ nínú táńkì fún ẹni tó máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Epo tí o rà, ìwọ ni kí o jó o tán. Bí ó bá ṣẹ́ kù, kí o ti rọ́bà bọ inú táńkì, kí o fi ẹnu fà á sínú kẹ́ẹ̀gì, kí o gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sílé. Èmi mọ èyí ṣe débi pé bí mo bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀, agbára káká ni yóò fi dé ilé epo tó wà lódìkejì títì.

Ẹnì kejì mi yìí, ọmọ Ìkálẹ̀ kan tí ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló kọ́kọ́ pa òfin náà tì. Ó ní ó ti sú òun láti máa ti bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi epo sílẹ̀ fún mi, kí ojú lè tì mí. Ojú kò tì mí. Mo jó epo tèmi, mo jó tirẹ̀ mọ́ ọn, mo sì tún fa èyí tó kù. Mo rò pé òmùgọ̀ ni. Níjọ́ kan tó rò pé epo tí òun fi sílẹ̀ ṣì ṣẹ́ kù nínú táńkì, ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí afárá, èrò kún inú rẹ̀, gbogbo wọn sì bú u títí kan ìyá àgbà kan tó ti ń sùn láti Òrè. Ìjà tí a jà lọ́jọ́ kejì, ṣẹ́ẹ̀tì méjì ló ya, ẹni tó ni ọkọ̀ sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àwa méjèèjì, ó ta bọ́ọ̀sì rẹ̀. Bí mo ṣe di ọlọ́kadà nìyẹn, tí mò ń gbé kòkó àti ẹ̀gẹ́ jáde láti oko Ajue, lójú ọ̀nà tí ẹrẹ̀ rẹ̀ lè gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni kó má dá a padà.

Ọ̀pọ̀ oṣù ti kọjá kí ìròyìn tó dé gáréèjì pé Ìyá Tíṣà fẹ́ ra bọ́ọ̀sì. Òdìgbó ni Ìyá Tíṣà ti ṣe olùkọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó ní oko kòkó, kò sì sí ẹni tó dàgbà ní agbègbè wa tí kò tíì jẹ pàṣán rẹ̀. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì tuntun ni, awakọ̀ méjì ni yóò sì máa wà á. Gbogbo gáréèjì ló lọ kí i. Èmi gbé odindi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, nítorí ọ̀nà Ajue ti gba okun ẹ̀yìn mi, mo sì mọ̀ pé bí bọ́ọ̀sì yìí bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, orí ọ̀kadà ni mo máa dàgbà sí. Ó gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, ó dúpẹ́, ó wá ní kí n lọ pe ẹnì kejì mi àtijọ́ wá.

A jókòó síwájú rẹ̀ bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ mọ ọ̀nà Èkó jù," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó ta ọkọ̀ tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀. Kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i bóyá ẹ lè jọ wa nǹkan kan láìpa á."

"Mà, ẹ wá ọkọ̀ kan fún wa, ká wà á kẹ́ ẹ rí i," ni mo dáhùn.

"Mo ti wá a. Ọkọ̀ ọmọ mi ni."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan nítòsí oríta Òrè. Ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà, ó gbé àga kan kalẹ̀ tó ní sítíárìn, tó ní ìjánu lẹ́sẹ̀, tí tẹlifíṣọ̀n ńlá sì wà níwájú rẹ̀. Eré ìje ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìdíje kan ń bọ̀ tó máa gba wákàtí mẹ́fà gbáko: ogún ọkọ̀ láti ogún ìlú, oníkálukú níwájú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, gbogbo wọn yóò sì pàdé lójú ọ̀nà kan tí kò sí níbì kankan láyé. Awakọ̀ méjì fún ọkọ̀ kan, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Ọmọbìnrin yìí ti fi orúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀ kí a tó dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ní láti fi múra.

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti gba àárín ọkọ̀ akẹ́rù méjì kọjá láìdi ojú, wọ́n fẹ́ fi ohun ìṣeré ọmọdé dán mi wò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo bọ́ bàtà, mo fọwọ́ lu àga, mo ju orógbó sẹ́nu, mo wọlé. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, mo wá fèrè, kò sí fèrè. Mo rọra ń gba etí títì lọ, nítorí ojú mi ń wá èrò. Bí mo ṣe rí ọkùnrin kan tó dúró pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́, mo tẹ ìjánu, mo nawọ́ sí afẹ́fẹ́, mò ń yí gíláàsì fèrèsé tí kò sí, mo sì ti to ẹ̀rín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Dádì, kí lẹ ń ṣe?" ni ọmọ Ìyá Tíṣà bi mí.

"Mo fẹ́ kí wọn ni."

"Àwòrán ni wọ́n, sà."

Ẹnì kejì mi wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn. "Fi í sílẹ̀, jẹ́ kó kí wọn dáadáa," ló wí. "Ó lè jẹ́ pé Àgọ́ Aláyé ni wọ́n ń lọ."

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, mo ti kọlu ògiri débi pé n kò kà á mọ́, mo sì ti fi ìgbà kan yí ọkọ̀ padà, tí mò ń sáré lọ pàdé gbogbo àwọn tó kù tí mo sì ń bú wọn pé wọn kò mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í gbàgbé iṣẹ́. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti ń sá eré náà bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀, ẹnu mi sì sáré ju ọkọ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé akoto ọ̀kadà mi há abíyá kiri gáréèjì. Mò ń fi ohùn ńlá ṣàlàyé kọ́nà fún àwọn tó ń ta búrẹ́dì. Ìyàwó mi a máa gbé omi ìwẹ̀ fún mi nírọ̀lẹ́, a ní, "Ẹ kú ìrìn o. Láti àárọ̀ tẹ́ ẹ ti ń sáré, Òrè náà lẹ ṣì wà."

Ohun kan ṣoṣo ni ọmọ Ìyá Tíṣà tẹ̀ mọ́ wa létí lójoojúmọ́. Òfin ìdíje kò gbà kí a bu epo níbi tí a bá ti ń pààrọ̀ awakọ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti bu epo kún táńkì nígbà tó dúró gbẹ̀yìn, kí ẹni tó ń gbà á lè rí i lò. Bọ́tìnnì kan ló wà lára sítíárìn. Bí o bá ń tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà epo a máa gòkè títí táńkì yóò fi kún. Kò sí owó kankan tí ẹnikẹ́ni ń san.

"Ṣé ó gbọ́?" ni ẹnì kejì mi máa ń bi í, láìwo ojú mi.

"Wọ́n gbọ́, sà."

"Bi í lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ọjọ́ ìdíje pé, ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ̀rọ amúnáwá ń ké lóde. Àwọn mẹkáníìkì fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ́kadà so mọ́ fèrèsé bí àdán. Ìyá Tíṣà gbé àtẹ ẹ̀gúsí sórí itan ní kọ̀rọ̀ kan, ó ń bó o. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé. Kí n má purọ́, mo wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn pátápátá la ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi kù díẹ̀ kí wákàtí mẹ́ta mi pé, a ti wà ní ipò karùn-ún. Ariwo tí wọ́n ń pa ní fèrèsé, ó wọ̀ mí lára ju ọtí lọ.

Mo dúró láti bu epo ìkẹyìn. Ọmọ Ìyá Tíṣà ti jáde lọ wo ẹ̀rọ amúnáwá, kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì, nọ́ńbà ń gòkè. Nígbà tó dé ibi tí yóò tó mi parí wákàtí tèmi, àtàǹpàkò mi dúró. Ó wù mí kí n sọ fún yín pé mo gbàgbé. N kò gbàgbé. Nǹkan kan nínú mi ló ní, "Ó tó," adùn kan sì gba ara mi, adùn tí mo mọ̀ láti ìgbà rọ́bà àti kẹ́ẹ̀gì. Mo tún wí fún ara mi pé ọkọ̀ tí kò ru epo púpọ̀ yóò fúyẹ́, pé n óò tún lé ẹnì kan kọjá kí n tó sọ̀kalẹ̀. Òótọ́ ni, mo lé e kọjá. Ipò kẹrin! Mo yà wọlé, mo dìde, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè bí bíṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kejì mi jókòó, ó gbọ̀nà.

Kò tíì lọ jìnnà tí ọkọ̀ fi wúkọ́. Bí wọ́n ṣe ní bọ́ọ̀sì wúkọ́ lórí afárá ọjọ́sí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró. Àwọn yòókù ń kọjá, fìì, fìì. Tẹlifíṣọ̀n kọ ọ́ gàdàgbà pé a ti jáde nínú ìdíje.

Ẹnì kejì mi wo géèjì. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí sítíárìn, ó yí sí mi wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Kẹ́ẹ̀gì dà?"

"Kẹ́ẹ̀gì wo?"

"Èyí tí o fà á sí. Ẹ bá mi wo abẹ́ tábìlì, kò lè tíì gbé e jìnnà. Tàbí kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹnu rẹ̀!"

Ṣọ́ọ̀bù dàrú fún ẹ̀rín. Ọlọ́kadà kan bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, ó wo abẹ́ tábìlì.

Ìyá Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀, ó pè mí.

"Epo tó tán yìí, ta ló rà á?"

"Kò sẹ́ni tó rà á, mà."

"Níbo ló wà?"

"Kò sí níbì kankan, mà."

"Ohun tí kò sí, tí ẹnikẹ́ni kò rà, o kò lè fi í sílẹ̀ fún ẹnì kejì rẹ." Ó gbé àtẹ rẹ̀. "Jókòó. Mo ti gba ìwé rẹ, mo ti máàkì í."

Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin báyìí. Ẹnì kejì mi ló ń wa bọ́ọ̀sì Ìyá Tíṣà, òun àti obìnrin awakọ̀ kan láti Araromi-Obu. Wọ́n ní táńkì ọkọ̀ náà kì í gbẹ. Bí ó bá pàdé mi ní oríta, a fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, a juwọ́. Mo ti wá ẹ̀gàn inú ìjuwọ́ náà títí, n kò rí i, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí.

Èmi ṣì wà lójú ọ̀nà Ajue. Ọ̀kadà tí mò ń gùn, tèmi ni, kò sẹ́ni tí a jọ ń gùn ún. Síbẹ̀, epo tó tó mi fún ọjọ́ kan ṣoṣo ni mò ń rà. Bí mo bá ń dé ilé nírọ̀lẹ́, wíwúkọ́ ló ń wúkọ́. Àwọn àgbà ní ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀. Ní àràárọ̀, àwọn aládùúgbò a máa rí mi tí mò ń ti ọ̀kadà lọ sí ilé epo, òógùn lójú, èébú lẹ́nu, tí mò ń ṣépè fún ahun tó gbé e sílẹ̀ ní gbígbẹ. Wọn kì í bi mí pé ta ni. Wọ́n kàn máa ń kí mi pé ẹ kú iṣẹ́.