Kò Tíì Gbẹ

Bí mo bá ti gbóòórùn ọ̀dà, ìka ọmọńdinrín Tíṣà mi ni mo máa ń rántí. Òun ni wọ́n fi ń kan àwòrán, wọn a gbé e símú, wọn a ní: “Kò tíì gbẹ.” Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ nípa ọkùnrin tó wá fẹ́ ọmọ wọn.

Rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ẹdẹ nígbà náà. Aláró ni mí, mo sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà olóròóró ya ojú èèyàn sára aṣọ. Tíṣà ní: “Bí ìgbà tí o bá ń rẹ aṣọ ni. Fi ọ̀dà fẹ́lẹ́ kùn ún, kí ti ìsàlẹ̀ ṣì máa hàn. Jẹ́ kó gbẹ, kí o tún kùn ún.”

Ó yé mi yékéyéké. Ìyá ìyàwó wọn là ń yà, ìyá tí kì í jẹ́ kí Tíṣà sọ̀rọ̀ tán. Ìyá ń bọ̀ láti ìlú Awo lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó di Sátidé, mo kùn ún tán, mo sá a sóòrùn, mo sì ṣe ohun tí gbogbo aláró ń ṣe sí aṣọ kó lè dán: mo gbé kùmọ̀, mo lù ú.

Ẹnu ìyá bá kùmọ̀ lọ.

Mo kúnlẹ̀. Tíṣà fi ìka kan ẹnu tó wà lára kùmọ̀, wọ́n gbé e símú. “Kò tíì gbẹ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, màá tún un yà.”

“Má fọwọ́ kàn án!” Wọ́n fa àga síwájú àwòrán náà, wọ́n jókòó. “Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Èmi àti ìyá yìí máa parí ẹ̀ lónìí.”