Oògùn Tí Mo Fín Sí Ata Màmá Mi

Nígbà tí mo mú màmá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ sọ́dọ̀ mi ní Agége, irúgbìn ata rodo tí ìyá tiwọn fi sílẹ̀ ni wọ́n so mọ́ etí ìró wá. Oko tí ata náà ti wá kò sí mọ́. Gbogbo irúgbìn yẹn la gbìn, mẹ́rin péré ló hù. A kó wọn sínú ike ọ̀dà lẹ́yìn ilé, níbi tí ògiri ilé-iṣẹ́ kan ti ń gbóná bí ààrò lọ́sàn-án. Kò pẹ́ tí ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í funfun létí. Màmá á kàn máa wò wọ́n láràárọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Computer Village. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀gbìn ní Aláúsá gbé fóònù tó já sómi wá. Bí mo ṣe ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu ìpẹtà inú rẹ̀ ni mo ń ráhùn nípa ata. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá, ohun tẹ́ ẹ̀ ń nù yẹn náà ló ń ṣe ata yín. Tí oòrùn bá pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ewé á ya wèrè, á máa jẹ ewé látinú bí iná. Ewé ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń pa iná yẹn, hòmóònù sì ni ońṣẹ́ tó ń jí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ońṣẹ́ yẹn, asipirínì bá a tan. Ẹ pò ó sómi, kẹ́ ẹ fín in sí i. Fẹ́ẹ́rẹ́ o!"

"Asipirínì ẹ̀fọ́rí?"

"Òun náà ni."

Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí fóònù rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo ti ń nu ìpẹtà láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ pé ewé náà ń dípẹtà!

Oníwàdùwàdù ni mí. Ó ní fẹ́ẹ́rẹ́, èmi ní bí ẹyọ kan bá dára, odindi káàdì á dára jù. Mo ra káàdì méjì, mo lọ ọ̀kan sómi, mo fín ata mẹ́ta, omi sì tán. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jóná.

Mo pe obìnrin Aláúsá. Ó kígbe: "Yéè! Tí ońṣẹ́ bá ti pọ̀ jù, àwọn gan-an ló ń dáná sílé!"

Màmá gba káàdì tó kù lọ́wọ́ mi, wọ́n so ó mọ́ etí ìró. "Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ata ìyá mi lo wá fi ń kọ́ṣẹ́." Ojú tì mí gidigidi.

Ata kan ló kù. Mo bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi yọ ẹyọ asipirínì kan, wọ́n fi eyín gé e, wọ́n fún mi ní èérún. Wọ́n dúró tì mí bí mo ṣe ń pò ó sínú garawa omi.

Lábẹ́ oòrùn yẹn náà, ewé tuntun yọ, tútù yọ̀yọ̀! Mo pariwo débi pé onílé yọjú lójú fèrèsé. Ata náà tanná, ó so, ó pọ́n.

Màmá bu ata àkọ́kọ́ jẹ, wọ́n dijú. "Òun nìyí." Wọ́n ṣa irúgbìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tú etí ìró, wọ́n kó asipirínì tó kù lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì so irúgbìn sí àyè rẹ̀.

"Gbà," ni wọ́n wí. "Tí a bá gbin èyí, ìwọ ni wàá fín in."