Fáìlì Bàbá Àmì

Bàbá Àmì là ń pè é, ó sì máa ń dáhùn bí ẹni pé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi jókòó sídìí tábìlì kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Irinṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń wá àṣìṣe inú iṣẹ́ wọn là ń ṣe níbẹ̀. Bí ètò kan bá fẹ́ ṣubú, kọ̀ǹpútà á fi àmì ránṣẹ́ sí i: dúró, kú, o ti fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tìẹ. Irinṣẹ́ wa ló gbọ́dọ̀ gba àmì yẹn mú kí ètò náà tó kú tán. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oríṣi kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àmì kẹwàá lórí eléyìí, ikú dé nìyẹn. Àmì kẹwàá lórí tọ̀hún kò ju kí wọ́n kí ọ lọ.

Àmì oríṣi kọ̀ǹpútà mẹ́rin ni Bàbá Àmì lọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn nínú fáìlì kan ṣoṣo. Òun nìkan ló mọ ọ̀nà ibẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó kù sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ omi àti àwọn díẹ̀ mìíràn, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba Bàbá síṣẹ́.

Ọ̀gá tuntun dé, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu ẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí kálukú ní fáìlì tiẹ̀."

Èmi tí mo jókòó tì í ní, "Bàbá, àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà o."

Bàbá Àmì rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú ẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ ò lè sinmi. Iṣẹ́ tó mọ́ kì í pa ẹni tó ṣe é."

Irọ́ gbáà ni.

Oṣù mẹ́jọ ló fi pa kítí mọ́ ọn. Bó bá ti ya ọ̀kan sọ́tọ̀, á yọ fáìlì náà kúrò pátá, á wá dán ìyókù wò. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́, á jẹ́ pé wọn ò tíì pínyà tán. Nígbà tó parí, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sórí fáìlì kọ̀ọ̀kan: "Bí ẹ bá yọ èyí, ìyókù á máa ṣiṣẹ́ lọ." Níbi iṣẹ́ wa, iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé àfi tí ẹlòmíràn bá kà á, tó sì kọ "ó dára" sí i. Èmi ni mo ka tiẹ̀. Mo kọ "ó dára", mo tún pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀gá tuntun náà ka ọ̀rọ̀ orí fáìlì yẹn.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó pe Bàbá Àmì sí yàrá ẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó ń nu bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wọ́n ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn ò wúlò fún wa mọ́. Wọ́n ní kí n fọwọ́ ara mi yọ fáìlì ẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń lọ."

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta! Ta ló fẹ́ gbà á síṣẹ́? Ìyàwó ẹ̀ ò tíì gbọ́ pàápàá. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé àgbà ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ ò bá ti fi í sílẹ̀ bó ṣe lọ́ pọ̀! Ta ló láyà tó máa fọwọ́ kàn án nígbà yẹn?"

"Mo mọ̀. Láti oṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni mo ti mọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ parí ẹ̀?"

Ó ká áńkáṣíìfù náà. "Ó ti ń dára. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan tó ń dára sílẹ̀."

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì, ìyọkúrò fáìlì kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà, tí Bàbá Àmì fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, dé iwájú mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìlà, gbogbo ẹ̀ pọ́n lójú ẹ̀rọ bí ohun tí wọ́n bá yọ ṣe máa ń pọ́n. Mo wá àṣìṣe níbẹ̀, ì báà ṣe ẹyọ kan, kí n lè dá a padà. Mo dán ìyókù wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohunkóhun ò bàjẹ́.

Ó wá dúró lẹ́yìn mi, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká.

"Ṣé o rí àṣìṣe ni?"

"Rárá, sà."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

Mo kọ "ó dára" sí i.